Bí Ẹ Ṣe Lè Gun Roller Coaster Láti Àárọ̀ Dalẹ́ Láìjẹ́ Pé Ó Rẹ̀ Yín Kí Ọ̀sán Tó Pọ́n

Ẹni tó bá ti jókòó rí sínú roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ eré tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí ojú irin nínú ọgbà ìgbafẹ́, kò ní gbàgbé ohùn yìí: ká, ká, ká, ká. Ẹ ti di irin iwájú yín mú, ọkọ̀ ti kọ iwájú sókè, ojú ọ̀run nìkan lẹ ń rí, ohùn náà sì ń bá yín gòkè lọ. Eyín irin kékeré kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń fo láti orí àtẹ̀gùn irin kan sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì tó ń fa ọkọ̀. Bí ṣéènì bá já lójijì, eyín yẹn ló máa há ọkọ̀ mọ́bẹ̀ tí kò fi ní yí padà sẹ́yìn. Ohùn tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà jù lọ, ohùn ààbò ni.

Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó gun ẹyọ méjì péré, tó wá fi ìyókù ọjọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí orí ń fọ́ ọ, tí inú ń rú u. Kì í ṣe pé ojo ni. Kò mọ̀ pé ara ni owó tí èèyàn ń ná nínú ọgbà ìgbafẹ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì kàn ń múni wọlé ni, ara ló ń gun ọkọ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ síbí, látorí bàtà tó fi dórí àga tí ẹ máa yàn, bí ẹ ṣe lè ṣọ́ ara yín ná ni.

Kí ọjọ́ náà tó pé

Ẹ mú ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé wà ní kíláàsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú sàn ju Sátidé lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá sọ pé ojú ọjọ́ á ṣú díẹ̀, tàbí pé òjò winniwinni lè kán, ẹ má torí ẹ̀ yí ọjọ́ padà, èrò á dín kù. Mànàmáná àti atẹ́gùn líle ló ń dá eré dúró. Bí àrá bá ti ń sán nítòsí, wọ́n á dá gbogbo èyí tó ga dúró títí yóò fi kọjá.

Ẹ wọ orí ìkànnì tàbí áàpù ọgbà náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wo aago tí wọ́n ń ṣí, kí ẹ sì wo èyí tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́, torí ó burú kéèyàn rin ìrìn àjò nítorí roller coaster kan ṣoṣo, kó wá bá a ní títì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tí ọkàn yín ò ní balẹ̀ bí ẹ ò bá gùn wọ́n. Mẹ́ta péré. Gbogbo èyí tí ẹ bá tún rí gùn lẹ́yìn wọn, ènì ni. Ẹ fa ìlà yí wọn ká lórí máàpù, kí ẹ mọ èyí tó wà ní iwájú àti èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ń mú ọmọdé lọ, ẹ wọn gíga rẹ̀ nílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn roller coaster ńlá ń béèrè nǹkan bí 120 sẹ̀ǹtímítà sí 140, kálukú sì ní tirẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kún bàtà ọmọ kó lè ga. Wọ́n ṣe irin tó ń di èèyàn mú náà kó lè jókòó lórí itan àti egungun ìbàdí ẹni tó ti tó ìwọ̀n kan. Ọmọ tí kò bá tíì tó o lè yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ náà látilé pé èyí ṣeé gùn, èyí ò tíì ṣeé gùn, kó má bàa jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan lórí ìlà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà pẹ̀lú omijé lójú.

Àgbàlagbà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà máa ń gbé àga kan síta, lẹ́nu ọ̀nà àwọn roller coaster ńlá, kí ẹni tó bá ga púpọ̀ tàbí tó sanra lè jókòó dán an wò kó tó tò. Ẹ lò ó, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sì ka pátákó ìkìlọ̀. Aboyún, ẹni tí ọkàn ń dà láàmú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ara yín, dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi ọ̀rẹ́ tó ń rọ̀ yín.

Ohun tó yẹ kó wà lára yín

Ẹ wọ bàtà tó ní okùn, tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa. Sálúbàtà á bọ́, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ so irun gígùn mọ́lẹ̀, ẹ yọ yẹtí ńlá, ẹ tú ìborùn àti fìlà. Bí ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ fi okùn dè é yípo ẹ̀yìn orí.

Ní ti fóònù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo ki fóònù bọ àpò ṣòkòtò tí kò ní síìpù. Mo rò pé àpò náà jìn tó. Nígbà tí a gun òkè kejì, tí ara mi gbéra kúrò lórí àga, mo rí i tó ń léfòó ní ẹ̀gbẹ́ ìgbáròkó mi, ó dúró sójú afẹ́fẹ́ bíi pé ẹnì kan gbé e kọ́, kó tó pòórá. Òṣìṣẹ́ tí mo sọ fún fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó ń wọ abẹ́ irin nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá, àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á lálẹ́. Mo rí i gbà padà, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ohun tó bà mí lẹ́rù ju owó rẹ̀ lọ ni pé ó lè ba ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi. Bí ara bá ti gbéra, gbogbo ohun tí a kò so mọ́ ara náà á gbéra. Ẹ fi sínú àpò tó ní síìpù, tàbí kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Atẹ́gùn náà kì í ṣe kékeré. Formula Rossa, roller coaster tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Ferrari World ní Abu Dhabi, tí wọ́n ṣí ní 2010, ń sá 240 kìlómítà ní wákàtí kan, awò ààbò sì ni wọ́n ń fún àwọn tó ń gùn ún kí iyanrìn àti kòkòrò má bàa bà wọ́n lójú. Èyí tí ẹ máa gùn lè má sá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí kòkòrò kékeré kan bá bà yín lójú lẹ́nu eré, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Wákàtí kìíní

Ẹ dé ẹnu géètì ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó ṣí i. Mo mọ̀ pé oorun àárọ̀ dùn, ṣùgbọ́n wákàtí yìí ló níye lórí jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tí ẹ máa tò fún wákàtí kan gbáko lọ́sàn-án, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rìn tààrà bọ́ sínú rẹ̀ báyìí. Bí géètì bá ṣí, èrò á ya sí èyí tó wà nítòsí jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yà. Ẹ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, síbi èyí tó jìnnà jù nínú mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ máa gùn ún bọ̀ níwájú. Nígbà tí èrò bá fi máa dé ẹ̀yìn, ẹ̀yin ti ń padà bọ̀.

Àwọn kan á ní kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ga jù, torí ìlà. Fún ẹni tó ti mọ ara rẹ̀, òótọ́ ni. Fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, èmi ò fara mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ́kọ́ gun ọ̀kan tí kò dojú èèyàn délẹ̀, tí kò sì ga púpọ̀. Ìlà rẹ̀ kì í gùn láàárọ̀, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ara ń sọ: ṣé inú dúró, ṣé ọrùn ò dùn, ṣé ó wù yín láti tún un ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Roller coaster tí LaMarcus Thompson ṣí ní Coney Island, ní New York, ní 1884, sẹ́ǹtì márùn-ún lèèyàn fi ń gùn ún, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 10 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Èèyàn tó ń sáré á yà á sílẹ̀. Bí ti àtijọ́ ṣe rọrùn tó nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú bí ẹ̀yin náà bá ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín níwájú ọ̀kan nínú àwọn ńlá, ẹ má sá, ẹ má sì fipá wọ̀ ọ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń gbà jáde, kí ẹ wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ wo àgbá ọkọ̀ náà pẹ̀lú, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ tó fi ń yí, bí ẹ bá ráyè. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: àwọn kan ń yí lórí irin, àwọn kan ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan sì dì mọ́ ọn láti abẹ́. John Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ti abẹ́ yìí ní 1919. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè fò gba orí òkè kọjá láìfi ojú irin sílẹ̀. Èyí ló fi ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi lọ́kàn balẹ̀ ju kí n máa sọ fún wọn pé kò séwu.

Àga tí ẹ máa yàn

Ọ̀pọ̀ rò pé iwájú ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ohun gbogbo, atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ṣóńṣó òkè, ọkọ̀ ṣì ń lọ jẹ́jẹ́ torí pé ìyókù ọkọ̀ ṣì wà lẹ́yìn tó ń gòkè bọ̀. Ó máa sorọ̀ síbẹ̀ díẹ̀, yóò máa wo ìsàlẹ̀. Ti ẹni ẹ̀yìn yàtọ̀: kó tó dé ṣóńṣó, ìwúwo gbogbo ọkọ̀ tó ti ṣíwájú ti ń fà á wálẹ̀, eré ló bá gba orí òkè, ìdí rẹ̀ á sì gbéra kúrò lórí àga. Ẹni tó wà láàárín ló gbádùn ìrọ̀rùn jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gun ọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jókòó sáàárín. Bí ẹ bá fẹ́ rí nǹkan, iwájú. Bí ẹ bá fẹ́ fò, ẹ̀yìn pátápátá.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: àga tó wà lókè àgbá gan-an máa ń gbọ̀n ju èyí tó wà láàárín àgbá méjì lọ. Ẹ máa rí i pé ó ṣe kedere lórí èyí tí wọ́n fi igi kọ́. Mo fẹ́ràn ti igi dọ́kàn. Cyclone ti Coney Island ti wà látọdún 1927, ó ṣì ń sá. Ṣùgbọ́n ó ń gbọn èèyàn, ìró rẹ̀ sì ń wọ egungun. Àwọn tí ojú irin wọn jẹ́ páìpù irin, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Matterhorn Bobsleds ní ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland, ní California, ní 1959, ń yọ̀ lọ geere. Ẹ má gun ti igi méjì tẹ̀ léra. Ẹ fi ti irin kan sáàárín wọn, kí ẹ̀yìn yín sinmi.

Bí a ṣe ń jókòó

Kí irin tó wálẹ̀, ẹ ti ìdí wọlé títí yóò fi kan ẹ̀yìn àga. Bí ẹ bá jókòó bíi pé ẹ wà nínú pálọ̀ nígbà tí irin ń wálẹ̀, àlàfo á wà láàárín irin àti itan yín, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sì gun òkè ni irin á máa gbá yín. Orí itan ló yẹ kí irin náà jókòó lé, kò yẹ kó wà lórí ikùn. Òṣìṣẹ́ á wá tì í mọ́lẹ̀, á tún fà á sókè kó lè mọ̀ bóyá ó ti há. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi orí ti ìrọ̀rí àga, kí ẹ sì la ojú sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú á fẹ́ dì. Bí ojú bá dì, etí inú á máa sọ fún ọpọlọ pé a ń yí, ojú ò sì ní rí ohun tó lè fi jẹ́rìí. Ibi tí òòyì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí irin ń gbà lọ. Tí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọrùn yín á ti múra sílẹ̀ kó tó yà.

Nísàlẹ̀ òkè ńlá ni ara ti ń wúwo jù. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìwúwo yín lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bíi pé àwọn èèyàn jókòó lé yín lórí. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí ẹsẹ̀, etí ojú á sì lè ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ le ẹsẹ̀ àti ikùn gírígírí kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì máa mí, ẹ má sé èémí. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn ní gbogbo ìgbà, ó lè jẹ́ pé omi tàbí oúnjẹ ló dín kù nínú ara. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi, kí ẹ sinmi.

Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù òbírí tó ń dojú èèyàn kọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní 1895, wọ́n ṣe roller coaster kan tó ń jẹ́ Flip Flap Railway ní Coney Island, òbírí rẹ̀ yí kíríkírí bí òrùka, ó sì ń ṣe àwọn èèyàn lọ́rùn léṣe. Nígbà tí Werner Stengel, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Jámánì, ṣírò òbírí fún roller coaster Revolution ní ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags Magic Mountain, ní California, ní 1976, ó jẹ́ kó rí bí ìkán omi: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó há lókè. Bó ṣe rí yìí ló jẹ́ kí ara máa wúwo díẹ̀díẹ̀ dípò kó bọ́ lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo òbírí tó bá wà níwájú yín, ẹ máa rí i pé kì í ṣe òrùka.

Lórí ìlà

Ẹ ti yàgò lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó tò. Ẹ máa fa omi mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró síbi òjìji, kí ẹ fara ti nǹkan. Bí ọgbà bá ní ìlà ọ̀tọ̀ fún ẹni tó dá wá, tí ẹ ò sì kọ̀ láti jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọkọ̀, ẹ gba ibẹ̀. Wọ́n ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ dí àga tó bá ṣófo, ó sì máa ń yá púpọ̀.

Oúnjẹ àti inú rírú

Ẹ jẹun láàárọ̀. Ikùn òfìfo máa ń rú bí ikùn tó kún fọ́fọ́. Oúnjẹ fúúyẹ́ ni, kó ti tó wákàtí kan kí ẹ tó gun àkọ́kọ́. Ní ọ̀sán, ẹ jẹun kí gbogbo èèyàn tó lọ jẹun, bí aago mọ́kànlá, tàbí kí ẹ dúró di aago méjì. Ohun tí wọ́n fi òróró dín, ẹ fi í sílẹ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fún ara ní wákàtí kan: ẹ wo eré ìtàgé, ẹ rìn kiri, ẹ jókòó sábẹ́ igi. Oòrùn ọ̀sán ń mú, ìlà sì gùn jù lásìkò yẹn, ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Inú kì í ṣàdédé rú. Itọ́ á kọ́kọ́ pọ̀ lẹ́nu, òógùn tútù á bo iwájú orí, ẹ ó máa yán láìsí pé oorun ń kùn yín. Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan péré sí i." Ẹ jókòó síbi tútù, ẹ wo ohun tó jìnnà tí kò mì, ẹ fa omi mu. Atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn inú rírú wà, ṣùgbọ́n a máa ń lò ó kí a tó gun ọkọ̀ ni, òmíràn nínú wọn sì ń mú oorun wá, nítorí náà ẹ bi apoògùn kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó bá sinmi fún wákàtí kan lè padà gùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú, ọjọ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Bí ọkọ̀ bá dúró lókè

Ó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n pín ojú irin sí abala abala, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú abala kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ iwájú bá pẹ́ kó tó kúrò, bóyá torí ẹnì kan tí kò tètè sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á dá ti ẹ̀yìn dúró sórí bíréèkì tàbí sórí ṣéènì. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ kan irin, ẹ má gbìyànjú láti jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò gbéra padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ á gòkè wá, wọ́n á tú yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì mú yín gba àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin sọ̀ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àgbá ọkọ̀ àti gíríìsì inú rẹ̀ ti gbóná, ọkọ̀ tí ẹ gùn láàárọ̀ á sì yára ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀pọ̀ èrò ti ń lọ sílé. Ẹ padà sórí èyí tí ẹ fẹ́ràn jù nínú mẹ́ta yín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ tò fún àga ẹ̀yìn. Ẹ bi òṣìṣẹ́ nípa aago ìparí: ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí àkókò tó tó, wọ́n á jẹ́ kó gùn.

Òkùnkùn ń yí ohun gbogbo padà. The Beast, roller coaster onígi tí ọgbà ìgbafẹ́ Kings Island ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ṣí ní 1979, gùn ju kìlómítà méjì lọ, inú igbó ló sì ń gbà. Lálẹ́, ẹni tó ń gùn ún kì í rí ibi tí irin máa yà sí. Bí ẹ bá ti wo irin ti yín dáadáa láàárọ̀, ara yín á ti mọ ọ̀nà, ojú ò ní ríran mọ́, síbẹ̀ ọrùn á mọ ìgbà tó yẹ kó múra.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ti ìkẹyìn, ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó wa mọ́tò, pàápàá bí ilẹ̀ bá ṣì ń yí lójú yín. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ohun tí ẹ ti fi sílẹ̀ láti ọ̀sán. Ọrùn lè ro yín díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ̀fọ́rí bá le tí kò lọ, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ gun roller coaster.